Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní puissance tí 2³ ò fi ní di 6 mọ́ wọn lọ́wọ́

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń jókòó ti ọmọ nídìí kàyé, ìwé iṣẹ́ wọn, lálẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ puissance ni mo bá wá, nǹkan tí wọ́n ń kọ báyìí pé 2³, 5², 10⁶, tí nọ́ńbà kékeré kan máa gun èjìká nọ́ńbà ńlá. Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tá a ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìṣirò, mo sì tún máa ń ṣe répétition, ẹ̀kọ́ àfikún, fún àwọn kan nílé lọ́sàn-án Ọjọ́rú àti láàárọ̀ Sátidé, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí mo ti gbé e síwájú ọmọ lóríṣiríṣi, mo ti rí èyí tó yé wọn àti èyí tí ò yé wọn.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo kọ́ wọn ní puissance, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe kọ́ wọn. Mo wọlé, mo mú ẹfun, mo kọ òfin sójú tábílò pé aⁿ = a × a × a títí lọ, mo ní kí wọ́n dà á kọ, mo ṣe àpẹẹrẹ méjì, agogo lù, a jáde. Ìgbà tí mo gba dúwà wọn, iṣẹ́ tí mo fún wọn ṣe, ìwé lórí ìwé, 2³ = 6, 5² = 10, 10³ = 30. Ó dùn mí gan-an, tórí àwọn tó kọ 6 yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ ọmọ, àwọn míì nínú wọn lè ka tábìlì láti 2 dé 12 láìsinmi. Wọ́n rí 2, wọ́n rí 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí nọ́ńbà méjì máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ra. Mo jókòó ti àwọn ìwé yẹn pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wá rí i pé mi ò fi ohun kan hàn wọ́n rárá, ìyẹn ni pé 3 tó wà lókè yẹn àti 2 tó wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ wọn ò jọra. 2 ìsàlẹ̀ ni ohun tí à ń sọ di púpọ̀. 3 òkè kò bá wọn sọ nǹkankan di púpọ̀, kíkà ló ń kà, ó ń sọ fún wa pé 2 mélòó ló wà lórí ìlà. Tí ọmọ bá ti gba ìyẹn, gbogbo ohun tó kù nínú puissance á máa tọ̀ ọ́ wá fúnra ẹ̀, tí ò bá sì gbà á, ẹ lè fún un ní òfin mẹ́wàá, á ṣì máa kọ 6.

Kí n tó sọ bí mo ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu wa ná, tórí ẹnu wa ló máa ń kọ́kọ́ ṣi ọmọ lọ́nà. Lédè wa, tí mo bá ní "méjì ní ìlọ́po mẹ́ta", mẹ́fà ni, ọmọ tó bá sì dáhùn mẹ́fà jàre. Nítorí náà mi ò kí ń lo "ìlọ́po" fún exposant, nọ́ńbà kékeré òkè yẹn, mọ́, ìlọ́po ti ní iṣẹ́ tiẹ̀. Àwọn kan máa ń túmọ̀ puissance sí "agbára", bẹ́ẹ̀ náà ni ìtumọ̀ ẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún méjìlá pé "méjì ní agbára mẹ́ta", kí ló fẹ́ fi ṣe? Mo fi puissance sílẹ̀ bó ṣe wà, tórí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa kọ ọ́ fún un nínú ìdánwò, àlàyé ẹ̀ ni mo máa ń ṣe ní Yorùbá.

Faransé pàápàá ní pàkúté tiẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé 2³, ìyẹn 2 "multiplié par lui-même trois fois". Ọmọ kan tó gbọ́n gidi ló fi èyí hàn mí, ó kọ 2 × 2 × 2 × 2 = 16, mo ní kí ló dé, ó ní "Mèsíyè, ẹ ní ká sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ka àmì × tí mo kọ, mẹ́ta ni." Òótọ́ ló sọ! Nínú 2 × 2 × 2, àmì × méjì péré ló wà. Látọjọ́ yẹn, mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni "2 mẹ́ta lórí ìlà, àmì fwà (×) láàárín wọn". 2 ni ká kà, ẹ má ka àmì. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ náà máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú yín.

Ó yá, bó ṣe máa lọ nìyí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fi kíkọ puissance sójú tábílò bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín, ẹ ṣe sùúrù. Ọpọ́n ayò ni mo máa ń gbé wọlé, pẹ̀lú àgbàdo gbígbẹ, agolo tòmátò kékeré kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ọmọ bá pọ̀ jù nínú kíláàsì, tí ọpọ́n ò sì tó, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹfun fa róbótó méjìlá sílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ihò sínú yanrìn nísàlẹ̀ igi, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ta ayò bí wọ́n ṣe ń ta á: mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ihò méjìlá. Ẹ bi wọ́n pé ọmọ ayò mélòó ló wà lápapọ̀. Gbogbo wọn máa sọ 48 lọ́gán. Ẹ ní báwo lẹ ṣe mọ̀, wọ́n á ní 12 × 4. Ẹ ní ṣé ẹ kò ní kọ 4 + 4 + 4 títí dé ìgbà méjìlá ni? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ta ló fẹ́ kọ gbogbo ìyẹn. Ẹ fi ìdáhùn yẹn pamọ́ sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i: àwọn ọmọ yìí ti mọ̀ látìgbà tí wọ́n wà ní kékeré pé tí ìròpọ̀ nọ́ńbà kan náà bá ti gùn jù, ọ̀nà wà láti gé e kúrú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n kó ọpọ́n náà dànù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ihò àkọ́kọ́, àgbàdo 1. Ihò kejì, 2. Ihò kẹta, 4. Ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ihò tó ṣáájú ẹ̀. Ẹ ò ní sọ nǹkankan, ẹ kàn máa wo wọ́n. 8, 16, 32, gbogbo wọn ṣì ń ṣeré. Tó bá dé 64 ariwo á bẹ̀rẹ̀, ihò ti kún, wọ́n á máa kó o sí ẹ̀gbẹ́ ihò. Ihò kẹjọ fẹ́ 128, wọ́n ti lo 255 lápapọ̀, ihò kẹsàn-án nìkan sì tún fẹ́ 256, ibẹ̀ ni àgbàdo máa ń tán. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n rò pé ó máa wà nínú ihò kejìlá, wọ́n á ní 24, wọ́n á ní 50, ẹni tó láyà jù á ní 200. Wọ́n á fi pẹ́ńsù parí ìyókù nínú kàyé: 256, 512, 1024, 2048. Ihò kan ṣoṣo, 2048 hóró àgbàdo, nígbà tó jẹ́ pé hóró kan la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu dáadáa, ẹ má sáré kọjá ibẹ̀, ìyanu yẹn wúlò.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe dé ihò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú 2 àti àmì × nìkan. Ihò kẹta, 2 × 2. Ihò kẹrin, 2 × 2 × 2. Ihò karùn-ún, 2 × 2 × 2 × 2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ títí dé ìkejìlá, èyí tó ní 2 mọ́kànlá lórí ìlà. Wọ́n á ṣe àṣìṣe, wọ́n á fi ẹyọ kan sílẹ̀, wọ́n á tún kà, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ṣe é, ọmọ kan máa ń wà tó máa sọ pé "Mèsíyè, ṣé kò sí bá a ṣe lè gé e kúrú ni?" Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn látàárọ̀. Mi ò kí ń fún wọn ní àmì yẹn kí ẹnìkan tó bèèrè fún un, tórí ohun tí ọmọ fi ẹnu ara ẹ̀ bèèrè, kò ní gbàgbé ohun tó wà fún.

Kódà tó bá ti bèèrè, ẹ má tíì fún un. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá ọgbọ́n tiẹ̀. Àwọn kan á kọ 2...2 pẹ̀lú àmì kan láàárín, àwọn kan á kọ 2(11), ó sì dájú pé àwọn kan á kọ 2 × 11. Ẹ dúró lórí 2 × 11 yẹn, kò sí ibi tó dáa tó o jù lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ẹ ní ó dáa, 2 × 11 jẹ́ mélòó? 22. Hóró mélòó ló wà nínú ihò kejìlá? 2048. Ẹ dákẹ́. Àwọn fúnra wọn á sọ pé rárá, èyí ò lè jẹ́ ìyẹn, àmì × ti ní iṣẹ́ míì tó ń ṣe, ó yẹ ká wá ibòmíì tá a máa gbé 11 yẹn sí. Nígbà náà ni mo máa ń kọ 2¹¹ sójú tábílò, mo máa kọ 2 ńlá, mo máa kọ 11 kékeré sókè, mo sì máa ní a gbé e sókè kó máà lọ dàrú pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀, tórí kíkà ló ń kà, kì í bá wọn ṣiṣẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ René Descartes ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lókè báyìí nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1637, tí àwọn yòókù wá ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé kó tó di ìgbà yẹn, oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe dá tiẹ̀ lónìí. Inú àwọn ọmọ máa ń dùn sí ìyẹn.

Ibí yìí ni ẹ ti máa padà sí 48 ìṣáájú. 4 + 4 + 4 méjìlá, a gé e kúrú sí 12 × 4. 4 × 4 × 4 méjìlá náà ńkọ́? 4¹². Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 48. Èkejì jẹ́ 16 777 216. Ẹ kọ méjèèjì sí ìsàlẹ̀ ara wọn kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lójú tábílò títí agogo fi máa lù.

Lórí àpẹẹrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 2² bẹ̀rẹ̀. Mo rí i nínú ìwé púpọ̀ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀ tórí ó kéré, ó rọrùn, ṣùgbọ́n 2² jẹ́ 4, 2 × 2 tí ọmọ ò lóye ẹ̀ náà jẹ́ 4, ìdáhùn á bọ́ sí i, ẹ máa fi "très bien" sí i, àṣìṣe á sì fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi 2⁴ àti 4² ṣe àpẹẹrẹ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi hàn pé a ò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ òkè mọ́ ìsàlẹ̀, tórí 16 ni méjèèjì, ọmọ á ní àbí ẹ rí i, kò sí ìyàtọ̀. 5³ ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í á kọ 15, ẹni tó bá gbà á á kọ 125, ìyàtọ̀ wọn jìnnà, kò síbi tí ọmọ máa sá sí. Fún pípààrọ̀, ẹ lo 2⁵ àti 5²: 32 àti 25. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n sọ èyí tó pọ̀ jù láì ṣírò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á ní 5² tórí 5 ló tóbi nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ ọ́ gùn.

Kíkọ gígùn yẹn, mo fi dandan lé e. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fo láti 3⁴ bọ́ sí 81 nínú kàyé mi, ó gbọ́dọ̀ gba àárín kọjá:

5³ = 5 × 5 × 5 = 125
3⁴ = 3 × 3 × 3 × 3 = 81
10⁵ = 10 × 10 × 10 × 10 × 10 = 100 000
2⁷ = 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 = 128

Tí mo bá ń fún wọn ní máàkì, àárín yẹn ló ní máàkì jù. Ọmọ tó kọ 3 × 3 × 3 × 3 = 71 mọ puissance, ìsọdipúpọ̀ ló ṣì í, iṣẹ́ míì nìyẹn. Ọmọ tó kọ 3⁴ = 81 láìsí nǹkankan láàárín, mi ò tíì mọ̀ bóyá ẹni tó jókòó tì í ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́n á bi yín pé kí ló dé tí wọ́n ń pe 5² ní 5 kárè, tí wọ́n ń pe 5³ ní kúbù. Ẹ mú wọn lọ síta. Ọmọ Ṣábẹ̀ àti ọmọ Kétu mọ ebè iṣu, ẹ ní kí wọ́n fi òkúta ṣe oko kékeré, ìlà márùn-ún, ebè márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn dọ́gba, kárè nìyẹn, 25. Fún kúbù, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n po amọ̀, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ bí ọmọ ayò lúdò, mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó, mẹ́ta sókè, 27 hóró, 3³. Ẹ má ṣe ju ọjọ́ kan lọ lórí ìyẹn. Ó dáa, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwòrán yẹn parí sí 3, kò sẹ́ni tó lè mọ 5⁴ pẹ̀lú amọ̀, tí ọmọ bá sì so gbogbo puissance mọ́ àwòrán, tó bá dé 4 á dúró. 2 mélòó lórí ìlà, ìyẹn ni kò ní já a kulẹ̀ láéláé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ yìí, ilé wa ló wà. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo, ó ní ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní hóró mẹ́rin, hóró kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo: 2 × 2 × 2 × 2, ìyẹn 2⁴, ìyẹn 16. Kí lẹ mọ̀ tó jẹ́ 16 nínú Ifá? Odù tó jẹ́ olórí. Ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀: 16 × 16, ìyẹn 16², 256, igba odù ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí gbogbo wa ń gbọ́ látẹnu àgbà. Ẹ tún kà á lọ́nà kejì, hóró mẹ́jọ lápapọ̀, 2⁸, 256 náà ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é ní kíláàsì, ọmọ babaláwo kan tí kì í dáhùn nǹkankan nínú ìṣirò dìde, ó ń to àwọn odù lọ́kọ̀ọ̀kan, Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí, ó ń fi ẹfun fà wọ́n sójú tábílò, ìlà kan fún èyí tó ṣí, ìlà méjì fún èyí tó dojú dé, gbogbo kíláàsì sì ń bá a kà á títí dé 16. Mi ò tíì rí i kó dúró báyẹn rí.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ò ní fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Ifá fún ọmọ àwọn, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, mi ò bá wọn jà sí i. Mo máa ń sọ fún wọn pé kíkà la wá kà, a ò wá dá Ifá. Tó bá ṣì ń ni wọ́n lára, ẹ lo owó onírin mẹ́rin, ẹ jù ú sókè, ojú tí nọ́ńbà wà tàbí òdì kejì, kí wọ́n kọ gbogbo ọ̀nà tó lè gbà bọ́ sílẹ̀. 16 náà ló máa jẹ́, bó ti wù kí wọ́n wá a tó.

Ẹ tún ní kí wọ́n lọ bi ìyá àgbà nílé pé báwo ni wọ́n ṣe ń ka owó láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ wa ti ń ka nǹkan ní Faransé tán, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé ogún ni ìdí kíkà Yorùbá. Ogójì, ogún méjì. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ogún lọ́nà ogún, 400, a fún un lórúkọ tiẹ̀, irinwó. Ẹ wá tò ó báyìí: 20¹ ni ogún, 20² ni irinwó, 20³ ni 8000, ẹgbàárin, 20⁴ ni 160 000, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, tórí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20 000, iye owó ẹyọ tí wọ́n ń dì sínú àpò kan. Iṣẹ́ ilé tí mo máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n mú irinwó àti ẹgbàárin bọ̀ látẹnu àgbà, kí wọ́n sì kọ wọ́n gùn pẹ̀lú 20 àti àmì ×. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ jẹ́ Gùn àti Yorùbá pọ̀, òun ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bí wọ́n ṣe ń ka 400 ní èdè ilé ẹ̀ wá, ó ní kíláàsì náà dùn.

Puissance 10, owó CFA ti ṣe é tán fún wa. Ẹyọ 10 fáráǹ, 10¹. Ẹyọ 100, 10². Bébà 1000, 10³. Bébà 10 000, 10⁴. Mílíọ̀nù kan, 10⁶. Ọmọ á rí i fúnra ẹ̀ pé exposant àti iye òdo bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, tórí bí ọmọ bá ti rí i tán, ó lè sọ ọ́ di òfin fún gbogbo nǹkan, á wá kọ 5³ = 5000. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ẹ má pariwo, ẹ kàn ní "kọ ọ́ gùn fún mi". Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ni mo fi ń tún ohun gbogbo ṣe nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Exposant 0, ẹ má fi kún ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ padà sídìí ọpọ́n. Ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ihò karùn-ún kí wọ́n máa bọ̀ sẹ́yìn: 2⁴ jẹ́ 16, 2³ jẹ́ 8, 2² jẹ́ 4, 2¹ jẹ́ 2. Exposant ń fi ẹyọ kan dín, àgbàdo ń pín sí méjì. Ihò tó kù ńkọ́? Hóró kan ló wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, exposant tó sì kàn lẹ́yìn 1 ni 0. Nítorí náà 2⁰ = 1. Ẹ tún ṣe é pẹ̀lú 3, 27, 9, 3, 1, ìdá mẹ́ta ni tibí, ó tún já sí 1. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ fún ọmọ pé "ó jẹ́ 1, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í lélẹ̀", á kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn ẹ̀ 0 ló gbà gbọ́, tí ìdánwò bá dé 0 ló máa kọ.

Òfin ìsọdipúpọ̀, pé ká ro exposant pọ̀, mi ò kí ń fún wọn rárá. Mo máa ń kọ 2³ × 2⁴, mo máa ní ẹ kọ ọ́ gùn, wọ́n á kọ 2 mẹ́ta, wọ́n á kọ 2 mẹ́rin, mo máa ní 2 mélòó ló wà lórí ìlà báyìí? Méje. 2⁷. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, 8 × 16 jẹ́ 128, 2⁷ náà jẹ́ 128. Lẹ́yìn mẹ́rin márùn-ún báyẹn, wọn ò ní kọ ọ́ gùn mọ́, wọ́n á ti mọ òfin náà láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi 2³ + 2⁴ síwájú wọn. Ọ̀pọ̀ máa kọ 2⁷ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò ẹ̀, 8 + 16, 24, níbo ni 128 wà níbẹ̀? Àmì + ti gé ìlà náà sí méjì, kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo mọ́. Àti 2³ × 5², ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ òun náà gùn, wọ́n á rí i pé 2 àti 5 ló wà lórí ìlà, kò sí orúkọ kan tí wọ́n lè fi kà wọ́n pọ̀.

Nọ́ńbà òdì, kí wọ́n ti mọ ìyókù kí ẹ tó dé ibẹ̀. (−3)² ní −3 méjì lórí ìlà, 9 ni. −3² ní 3 méjì lórí ìlà, àmì òdì dúró síwájú wọn, −9 ni. Kàlìkúlátírì náà máa ń fún wọn ní −9 tí wọn ò bá tẹ bráketì, wọ́n á sì rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin òbí tí ìṣirò ti jìnnà sí yín: ẹ ò nílò láti mọ ìdáhùn. Ẹ gba kàyé lọ́wọ́ ọmọ, ẹ nàka sí nọ́ńbà tó wà lókè, ẹ bi í pé "Kí ni èyí ń kà?" Tó bá ní "ó ń ka 7 tó wà lórí ìlà", ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá dákẹ́, ẹ bu àgbàdo wá.

Ìbéèrè tí mo máa ń fi parí, lórí WhatsApp ni mo ti rí i. Ẹ mọ àwọn mẹ́sẹ́èjì tó máa ń sọ pé kó o fi í ránṣẹ́ sí èèyàn 10 kó o lè rí ìbùkún gbà. Mo ní ká sọ pé èèyàn kan fi ránṣẹ́ sí 10, àwọn 10 yẹn fi ránṣẹ́ sí 10 míì ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kò sí ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà mélòó ló máa gbà kó tó ju gbogbo èèyàn ayé lọ? Ayé ti kọjá bílíọ̀nù 8 láti 2022. Ọmọbìnrin kan padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti kọ ọ́ gùn sí ẹ̀yìn kàyé ẹ̀, 10 × 10 × 10 títí, ó fi bíìkì pupa sàmì sí èyí tó kẹ́yìn. Ó ní "Mèsíyè, mẹ́sàn-án lórí ìlà, bílíọ̀nù kan ni, kò tíì tó. Mẹ́wàá lórí ìlà, bílíọ̀nù mẹ́wàá, èèyàn ti tán." Ó wá ní òun ti fi han àǹtí òun tó fi mẹ́sẹ́èjì náà ránṣẹ́ sí òun, àǹtí òun ti pa á rẹ́.